Ẹyẹ Tí Wọ́n Kọ London Sí Lẹ́sẹ̀

  

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan ná. Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ṣé ẹ na èékánná sí lékeléke rí? Àwa ṣe é dáadáa ní àdúgbò wa. Bí ọ̀wọ́ ẹyẹ funfun yẹn bá ti ń kọjá lójú ọ̀run nírọ̀lẹ́, gbogbo wa á tú jáde, a ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, a ó máa kọrin sí wọn pé kí wọ́n fún wa ní funfun. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹni tí àmì funfun bá yọ lórí èékánná rẹ̀ ti di ọba nìyẹn. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè ibi tí ẹyẹ náà ti ń bọ̀ tàbí ibi tó ń lọ.

Ìtàn òní, ìtàn àwọn ọmọdé àti ẹyẹ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí kò na èékánná sí ẹyẹ kankan. Okùn ni wọ́n dẹ sílẹ̀ dè é.

Ẹ ya àwòrán etíkun Gánà sọ́kàn. Láti Winneba lápá ìwọ̀-oòrùn títí dé Keta tó sún mọ́ Togo, ọ̀sà ló tò lọ bẹ́ẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀sà Muni wà ní Winneba, àbàtà odò Densu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Accra, Sakumo wà láàárín Accra àti Tema, Songor wà ní Ada nítòsí ibi tí odò Volta ti ń wọ òkun, ọ̀sà Keta ló wá tóbi ju gbogbo wọn lọ. Àwọn àgbà Èkó mọ orúkọ Keta dáadáa. Láyé ọjọ́un, ọ̀pọ̀ nínú àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n gbọ̀ọ̀rọ̀ létí òkun Badagry, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Anlo ni wọ́n, ara ẹ̀yà Ewe, ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Ewe sì sọ pé Kétu ni àwọn baba ńlá wọn ti gbéra, Kétu tiwa tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, kí wọ́n tó dó sí Notsé ní Togo. Ìyẹn á di ìtàn ọjọ́ mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí n yà kúrò lọ́nà.

Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti fẹ́ máa mú ní òkè àríwá ayé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ etí omi ló ń já wá sí àwọn ọ̀sà yìí. Ọ̀kan wà nínú wọn tí òyìnbó ń pè ní Curlew Sandpiper. Kò wúwo ju ẹyin adìẹ kan lọ, síbẹ̀ ìpẹ̀kun Siberia ní Rọ́ṣíà ló ti ń fò bọ̀. Kí ló wá ṣe? Oúnjẹ ló wá jẹ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi ọ̀sà á fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ á yọ, kòkòrò, ìgbín wẹ́wẹ́ àti ẹja kéékèèké á sì wà nínú ẹrẹ̀ náà. Ẹyẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn á wọ inú omi jíjìn lọ, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú á dúró létí ẹrẹ̀, ẹlẹ́nu gígùn á máa wá tiẹ̀ nísàlẹ̀, ẹlẹ́nu kúkúrú á máa ṣa tòkè. Àwọn onímọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yaa Ntiamoa-Baidu ti Yunifásítì Gánà ṣáájú wọn kọ nípa èyí ní 1998, bí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yan ìwọ̀n omi tó bá ẹsẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ mu. Ẹ fi orúkọ obìnrin yìí sọ́kàn, ó ń padà bọ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi yẹ̀pẹ̀ dí ọ̀sà kan ní Gánà, oúnjẹ ẹyẹ Siberia ló bò mọ́lẹ̀. Ẹyẹ náà kò lè sọ pé òun á yà sí ibòmíràn, torí ó ti fi ọ̀rá ara rẹ̀ jó bí epo lójú ọ̀nà. Ó gbọ́dọ̀ sanra padà kó tó lè fò lọ sílé lọ yé ẹyin.

Ẹyẹ tó gbé ìtàn yìí jáde kì í ṣe ti ẹrẹ̀ o. Ẹyẹ òkun ni, funfun, ìrù rẹ̀ là sí méjì bíi ti alápàńdẹ̀dẹ̀, àyà rẹ̀ sì máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin. Roseate Tern lorúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Orí erékùṣù kéékèèké ní Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń yé ẹyin. Bó bá ṣetán, á kọrí sí etíkun wa níhìn-ín, torí pé láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun Gánà, ẹja tó jọ ṣáwá á sì tẹ̀lé e wá ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Ibi tí ẹja kékeré bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni ẹyẹ yìí ń lọ. Àwọn apẹja fúnra wọn ń wo ẹyẹ kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n á da àwọ̀n sí.

Láti 1909 ni àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi òrùka irin wẹ́wẹ́ sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tó ń lọ. Nọ́ńbà wà lára òrùka náà, àdírẹ́sì sì wà níbẹ̀: British Museum, London. Ẹ wá wo ọmọkùnrin kan létí òkun, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó fi ẹja kékeré sínú ojóbó, tó sá pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi, tó fa okùn. Ẹyẹ há. Ó dì í mú, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí London.

Àwọn òrùka bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí London nínú lẹ́tà. Àwọn tó gbà wọ́n wá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń ti Áfíríkà wá, Gánà ló ti wá, àwọn ọmọdé ló sì mú wọn. Nígbà kan náà, ẹyẹ yìí ń tán lọ nílé. Ní òpin àwọn ọdún 1960, ó lé ní 3,000 tọkọtaya tó ń yé ẹyin ní Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, wọn kò tó 600.

Ó rọrùn láti nàka sí ọmọ tó fa okùn. Ṣùgbọ́n ìtàn ni a ń sọ níbí, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ẹyẹ yìí kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Gánà kankan kò sì sí níbẹ̀ nígbà náà. Fìlà àwọn obìnrin ọlọ́lá ló pa á. Ìyẹ́ ẹyẹ ni oge ayé ìgbà yẹn, nígbà mìíràn wọ́n á tilẹ̀ gbé odindi ẹyẹ lé orí fìlà. Ìbínú sí oge yìí ló mú kí Emily Williamson kó àwọn obìnrin jọ ní Manchester lọ́dún 1889, ẹgbẹ́ yẹn ló sì di RSPB, ẹgbẹ́ ńlá tó ń dáàbò bo ẹyẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Ẹgbẹ́ náà ló wá sí Gánà lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún láti sọ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má pa ẹyẹ mọ́. Mi ò sọ pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ gbèsè náà ni.

Nígbà wo gan-an ni wọ́n tilẹ̀ wá? 1985. Ẹ bi àwọn òbí yín bí Gánà ṣe rí ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà ló sì di ẹrù wọn. Báàgì onílà tí ẹ fi ń kó aṣọ lọ sí hostel, tí ẹ ń pè ní Ghana-must-go, ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Ọ̀dá àti iná igbó ń jẹ oko ní Gánà lọ́dún náà, oúnjẹ kò sí, àwọn èèyàn rù débi pé egungun ọrùn wọn yọ gedegbe, wọ́n sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣéènì Rawlings làwọn fi sọ́rùn. Àwọn Kéta tó ń fa àwọ̀n ní Badagry wà lára àwọn tó padà sílé. Ọmọdé tó ń dẹ okùn fún ẹyẹ létí òkun lásìkò yẹn, eré ló ń ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran náà ló ń wá.

Inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Save the Seashore Birds Project ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Gánà, RSPB, àti ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń jẹ́ BirdLife International báyìí ló jọ dá a sílẹ̀. Yaa Ntiamoa-Baidu, ẹni tí mo ní kí ẹ rántí, wà lára àwọn tó léwájú. Wọ́n kọ́kọ́ ka ẹyẹ, oṣù dé oṣù, ọ̀sà dé ọ̀sà. Kíkà yìí ló yí ìtàn náà padà. Nítorí ẹyẹ òkun kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbé awò jíjìn sójú ní Keta àti Songor, wọ́n rí i pé ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ẹyẹ ẹrẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò wá jẹ́ ti okùn ọmọdé nìkan mọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ilẹ̀ olómi náà.

Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ní 1987, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń jẹ́ Wildlife Clubs of Ghana bẹ̀rẹ̀. Dípò kí wọ́n na ẹgba tàbí kí wọ́n kó ọmọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n fi ẹyẹ han ọmọ, wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti ń bọ̀ fún un. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn pọ̀. Ọmọ tó ń dẹ okùn ti mọ ìwà ẹyẹ ju olùkọ́ rẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 1991, Ghana Wildlife Society jáde láti inú iṣẹ́ náà, ẹgbẹ́ ọmọ Gánà fúnra wọn.

Ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ dáàbò bo ọ̀sà kí ẹ má bá onílé pàdé. Àwọn ọ̀sà yìí ní olówó tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé awò wá.

Ní Winneba, àwọn Effutu ní òrìṣà tó ń jẹ́ Penkye Otu. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù karùn-ún, ẹgbẹ́ Asafo méjì, Tuafo àti Dentsefo, á sá wọ igbó lọ láti fi ọwọ́ lásán mú ìgalà láàyè wá fún un. Ọdún Aboakyer nìyẹn. Kí ọdún náà tó dé, wọn á ti ọ̀sà Muni pa, kò ní sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pẹja níbẹ̀. Sakumo náà, orúkọ òrìṣà ni, àwòrò ló sì ń sọ ìgbà tí wọ́n lè pẹja àti ìgbà tí wọn kò gbọ́dọ̀ pẹja. Kódà òkun fúnra rẹ̀ ń sinmi: lọ́pọ̀ ìlú etíkun Gánà, ẹnikẹ́ni kì í gbé ọkọ̀ wọ òkun lọ́jọ́ Túsìdeè. Ẹni tó bá mọ bí igbó Ọ̀ṣun ṣe wà títí dòní á yé e láìjẹ́ pé mo ń ṣàlàyé púpọ̀. Ní 1995, Ntiamoa-Baidu fi ọ̀rọ̀ yìí kọ ìwé: ó fi èèwọ̀ ìbílẹ̀ wéra pẹ̀lú ọgbà ẹranko tí ìjọba dá sílẹ̀, ó sì fi hàn pé àwọn baba ńlá ti ń pa nǹkan mọ́ kí òfin ìjọba tó dé.

Mi ò ní purọ́ fún yín ṣá o. Kò sí àwòrò kan tó ti ọ̀sà pa nítorí ẹyẹ Siberia. Nítorí ẹja ni, nítorí òrìṣà ni, nítorí kí ìlú lè wà létòlétò. Ẹyẹ kàn jẹ àǹfààní rẹ̀ ni. Ibi tí èyí sì ti hàn kedere jù ni Songor.

Iyọ̀ ni Songor. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi ọ̀sà náà á gbẹ, iyọ̀ á sì dì sórí ilẹ̀, gbogbo ìlú á jáde lọ kó o. Àwọn ará Ada gbà pé ẹ̀mí ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Yomo ló ni ín. Bí iyọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì, àwòrò á fi igi gún inú ọ̀sà, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ títí iyọ̀ á fi gbó. Bí ó bá gbó, á yọ igi náà, tilé-toko á wọlé, olówó àti tálákà. Bó ṣe rí nìyẹn títí di àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n gbé apá púpọ̀ nínú ọ̀sà náà fún àwọn ilé iṣẹ́ iyọ̀. Odò Volta tó ń kún wọ ọ̀sà tẹ́lẹ̀ kò sì rí bí ó ṣe ń rí mọ́, torí ìdídò Akosombo tí wọ́n parí ní 1965. Àwọn obìnrin tó ti ń kó iyọ̀ láti ọmọdé wá di olè lórí ilẹ̀ ìyá wọn. Ọlọ́pàá ń lé wọn, wọ́n ń gba iyọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù karùn-ún 1985, nínú irú ìkọlù bẹ́ẹ̀, ìbọn ọlọ́pàá pa aboyún kan. Maggie lorúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ará Ada kọ ìwé nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n sì fi ìbéèrè ṣe orúkọ ìwé náà: ta ló pa Maggie?

1985. Ọdún kan náà tí àwọn kan ń gbé awò jíjìn bọ̀ wá ka ẹyẹ. Gbogbo ìgbà tí mo bá ronú nípa ẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ. Ẹ ro bí yóò ti rí létí ìyá kan ní Ada, tó sin ọmọ ìlú rẹ̀ nítorí iyọ̀, kí àlejò wá sọ fún un pé ọ̀sà yìí ṣe pàtàkì fún ẹyẹ. Ẹni tí kò bá lè dá a lóhùn ní ọ̀rọ̀ iyọ̀, kó má dárúkọ ẹyẹ níwájú rẹ̀.

Mo rò pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà rí èyí, ó kéré tán wọ́n rí apá kan. Gánà wọ inú àdéhùn Ramsar ní 1988, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní Iran lọ́dún 1971 lórí ilẹ̀ olómi. Ní oṣù kẹjọ 1992, wọ́n fi ọ̀sà márààrún tí mo dárúkọ lókè sínú ìwé àdéhùn náà. Láàárín àwọn ọdún 1990, owó wọlé láti ọ̀dọ̀ Báǹkì Àgbáyé láti bójú tó wọn, wọn kò sì fi wáyà yí wọn ká kí wọ́n lé èèyàn jáde bí wọ́n ti ń ṣe fún ọgbà ẹranko. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa pẹja, kí wọ́n máa kó iyọ̀, kí wọ́n máa dáko àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ wọn ní Keta, ṣùgbọ́n kí wọ́n jókòó pẹ̀lú ọba ìlú, àwòrò àti ìjọba ìbílẹ̀ láti pinnu bí wọn yóò ṣe máa lò ó.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Fún ẹyẹ olórùka yẹn, nǹkan yàtọ̀. Ní erékùṣù Rockabill nítòsí Dublin, tí wọ́n fi àwọn olùṣọ́ sí láti 1989, tọkọtaya ẹyẹ náà kò tó 200 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di nǹkan bí 2018, wọ́n ti lé ní 1,500. Àwọn olùṣọ́ ibẹ̀ ló ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ẹ má jẹ́ ká gba oyè oníoyè. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó bá kú sínú ojóbó ní Gánà kò lè yé ẹyin ní Rockabill.

Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ sí Tema fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan. Ọ̀nà etíkun la gbà, bí a sì ṣe ń kọjá lórí Sakumo, mo ní kí dírẹ́bà jọ̀ọ́ rọra lọ. Lápá òsì, omi pẹlẹbẹ, ẹyẹ dúdú àti funfun lórí ẹsẹ̀ tín-ín-rín. Lẹ́yìn wọn, ilé. Ilé, ilé, ilé, àwọn kan ṣì jẹ́ búlọ́ọ̀kù láìní òrùlé. Dírẹ́bà náà ní ilẹ̀ ibẹ̀ dára, kò jìnnà sí ìlú. Mo rẹ́rìn-ín, torí bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Lekki gẹ́lẹ́ nìyẹn, lórí àbàtà tí a fi yẹ̀pẹ̀ kún.

Tema ló fà á. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ èbúté tuntun, tí wọ́n ṣí ní 1962, wọ́n kó àwọn ará Tema àtijọ́ kúrò lórí ilẹ̀ wọn ní 1959, ìlú ńlá sì hù síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wá gbé ibẹ̀ kò mọ àwòrò Sakumo, wọn kò bẹ̀rù rẹ̀, kò sì sí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rù. Èèwọ̀ kì í mú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Òfin ìjọba tó yẹ kó gba ipò èèwọ̀ sì sùn lọ títí ilé fi kún inú àbàtà. Ní 2022, lẹ́yìn tí àgbàrá ti da àwọn èèyàn láàmú, ìjọba kó katapílà wá, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Àwọn tó ń sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní ẹni tó tà á fún àwọn. Ẹ ò rí i pé ìtàn Songor tún padà, a kàn fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò iyọ̀.

Keta àti Songor ṣì ń gba àlejò wọn. Bó bá ti di oṣù kẹsàn-án, àwọn kan nínú wọn á ti wà lójú ọ̀nà.

Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín bóyá wọ́n mọ Kéta kankan ní Badagry kó tó di 1983, kí ẹ sì fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo fẹ́ fi ṣe ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ ná.